Ta Ni Yóò Sọ fún Ọba?

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, mo sì máa ń pa á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Mo rò pé àwọn tí ń ta èké àti àwọn tí ń rà á nìkan ni ó ń bá wí. N kò rò ó rí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọjà náà tí yóò máa ṣe ìwé fún wọn, àti pé ẹni náà lè jẹ́ èmi.

Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ ni mo jẹ́ nígbà tí ìjọ kan ní ìlú kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yàn mí ní akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ilẹ̀ kan wà tí ó bá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà pààlà. Obìnrin opó kan ni ó ni ín; ibẹ̀ ni ó ti ń gbin iṣu àti ilá, ibẹ̀ ni ó sì ti ń rí owó ilé-ìwé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, olówó, ọ̀làwọ́, ẹni tí ó máa ń dá nìkan san owó àtúnṣe òrùlé, fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn fún ìjọ, ojú rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ ìpàdé, ó dìde, ó ní ìyá náà ti fi ilẹ̀ rẹ̀ ta Ọlọ́run lọ́rẹ. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Ìyá náà kò sí ní ìjókòó, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀. Èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo bá ìyá yìí ru èbù iṣu láti ọjà dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé orí ilẹ̀ yẹn ni òun yóò gbìn ín sí. Ta ni í ra èbù sílẹ̀ de ilẹ̀ tí ó ti fi tọrẹ? Síbẹ̀, mo gbé kálàmù, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé tìfẹ́tìfẹ́ ni ó fi yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀. Alága fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ó ṣe, ìyá náà pàdé mi lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi, wọ́n ní ó wà nínú ìwé tí o kọ pé mo fi ilẹ̀ mi tọrẹ. Ọjọ́ wo ni mo fi tọrẹ?” N kò rí èsì kankan fún un. Mo kí i, mo sì bá ọ̀nà mi lọ.

Ìbéèrè yẹn ni ó rán mi padà sínú àwọn ìwé àtijọ́ àwọn Hébérù, tí mo rò pé mo ti kà tán. Ohun tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò ni èyí: bí alágbára bá ṣe ohun tí kò tọ́, ta ni ó yẹ kí ó sọ fún un? Ṣé iṣẹ́ àwọn ẹni ọ̀tọ̀ tí Ọlọ́run fi ohùn pè ni, tàbí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe ojú rẹ̀?

*Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣì wá lọ́nà*

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà, wòlíì. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n lo àwọn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ àárín wa kí àwọn òyìnbó ajíyìnrere tó dé. Àlùfáà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wòlíì sì jẹ́ òmíràn. Nínú èdè Lárúbáwá, ẹni tí ó súnmọ́ Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ tí a ti rí wòlíì ń tọ́ka sí. Kò sí àléébù nínú ìyẹn. Ibi tí ìṣòro wà ni ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń bá a rìn, èyíinì ni àsọtẹ́lẹ̀. Bí a bá tú u wò, ohun tí a sọ kí ó tó ṣẹlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti rọ̀ mọ́ wa lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá gbọ́ wòlíì lónìí, ẹni tí yóò sọ ọ̀la fún wa ni a ń retí: ẹni tí yóò sọ bóyá físà yóò bọ́ sí i, ẹni tí yóò sọ irú ìyàwó tí ó yẹ ní fífẹ́, ẹni tí yóò sọ ẹni tí yóò wọlé ìbò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ìwé Ámósì, ti Míkà àti ti Jeremáyà yóò rí i pé òní ni wọ́n ń bá wí. Bí wọ́n bá mẹ́nu kan ọ̀la, ó dà bí ìgbà tí dókítà ń sọ fún aláìsàn pé, bí o kò bá jáwọ́ nínú nǹkan yìí, ibi báyìí ni yóò yọrí sí. Kì í ṣe pé dókítà náà ń woṣẹ́. Ohun tí ó wà nínú ara aláìsàn nísinsìnyí ni ó ń kà jáde.

Ẹ wo Ámósì. Ará Tékóà ni, ìletò kan tí ó wà lórí òkè ní gúúsù Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Darandaran ni, ó sì ń tọ́jú èso igi síkámórè. Ní nǹkan bí ọdún 750 ṣáájú ìbí Krístì ni ó kọjá ààlà lọ sí ìjọba àríwá, ní ayé Jeróbóámù kejì, nígbà tí nǹkan dẹrùn fún àwọn ọlọ́lá. Ìwé rẹ̀ bá àwọn tí ń sùn lórí ibùsùn eyín erin wí. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn awalẹ̀pìtàn tí ń walẹ̀ ní Samáríà, olú-ìlú ìjọba náà, rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfọ́kù eyín erin tí a gbẹ́ ọnà sí, irú èyí tí a fi ń ṣe ohun èlò ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ámósì kò sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ mí lára jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ti òṣùwọ̀n. Ó bá àwọn oníṣòwò tí ń dín òṣùwọ̀n ọkà kù, tí wọ́n sì ń fi kún ìwọ̀n owó wí, àwọn tí ń ta pàǹtí mọ́ ọkà, tí ara wọn kò sì lélẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi nítorí pé wọ́n fẹ́ tún ṣí ọjà. Ẹni tí ó bá ti ra gàrí rí, tí ó sì ti rí kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú, mọ ohun tí Ámósì ń sọ.

Nígbà tí ó dé Bẹ́tẹ́lì, níbi ojúbọ ọba, àlùfáà Amasáyà lé e, ó ní kí ó padà sí ilẹ̀ Júdà, kí ó lọ máa fi ìsọtẹ́lẹ̀ jẹun níbẹ̀. Ámósì fèsì pé òun kì í ṣe wòlíì, òun kì í sì í ṣe ọmọ wòlíì. Ohun tí mo gbọ́ nínú èsì yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Amasáyà kò lè mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ń wá oúnjẹ, nítorí pé ọwọ́ ọba ni oúnjẹ ti òun ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ni ó tún wà nínú ìtàn Mikáyà ọmọ Ímílà. Áhábù ọba fẹ́ lọ jagun ní Rámótì-Gílíádì. Ó pe nǹkan bí irinwó wòlíì jọ, gbogbo wọn sì ní kí ó máa lọ, yóò ṣẹ́gun. Ìránṣẹ́ tí ó lọ pe Mikáyà gbà á níyànjú pé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu. Mikáyà sọ òtítọ́, wọ́n gbá a létí, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n pẹ̀lú oúnjẹ ìpọ́njú. Áhábù lọ, ó sì kú lójú ogun. A kò rí i kà níbi kankan nínú ìtàn náà pé ẹnikẹ́ni rántí lọ tú Mikáyà sílẹ̀. Ìtàn kì í máa san gbèsè rẹ̀ fún olódodo, ó sì yẹ kí àwọn tí ń wàásù pé òtítọ́ a máa lérè máa fi èyí kún un.

*Lẹ́tà Jésébẹ́lì*

Bí a bá ń sọ ti àwọn obìnrin inú Bíbélì, àwọn oníwàásù kì í pẹ́ dárúkọ Jésébẹ́lì, wọn a sì máa fi orúkọ rẹ̀ bú obìnrin tí ó bá kun ètè. Lójú tèmi, ohun tí ó kéré ni wọ́n fi ń bo èyí tí ó tóbi mọ́lẹ̀. Nábótì ará Jésíréẹ́lì ní ọgbà àjàrà lẹ́bàá ààfin. Áhábù fẹ́ rà á, tàbí kí ó fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Nábótì kọ̀, nítorí pé ogún bàbá rẹ̀ ni. Ọba wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò jẹun. Ni Jésébẹ́lì bá kọ lẹ́tà ní orúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn àgbà àti àwọn ọlọ́lá ìlú Nábótì: kí wọ́n kéde ààwẹ̀, kí wọ́n mú Nábótì jókòó níwájú àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì wá aláìníláárí méjì tí yóò jẹ́rìí pé ó bú Ọlọ́run àti ọba. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì sọ Nábótì ní òkúta pa.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Jésébẹ́lì kò ju òkúta kankan. Kò kúrò ní ààfin. Àwọn àgbà ìlú, àwọn tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú Nábótì, ni wọ́n gba lẹ́tà, tí wọ́n kà á, tí wọ́n sì ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Òfin ilẹ̀ náà béèrè ẹlẹ́rìí méjì. Wọ́n pèsè méjì. Ẹ̀sìn ní kí a gbààwẹ̀, wọ́n gbààwẹ̀. Kò sí ohun tí ó kù nínú ètò náà àfi òtítọ́. Nígbà tí Èlíjà yóò fi pàdé Áhábù nínú ọgbà àjàrà náà, Nábótì ti kú. Ọ̀rọ̀ wòlíì múná, ṣùgbọ́n ó pẹ́ dé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ì bá tètè dé ni àwọn tí lẹ́tà náà kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́wọ́.

Mo mọ àwọn àgbà wọ̀nyí. Mo ti bá wọn jókòó. Akọ̀wé wọn ni mo jẹ́.

*Àwọn obìnrin tí kò joyè*

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ bí Nátánì ṣe bá Dáfídì sọ̀rọ̀ nígbà tí ó gba aya Ùráyà, tí ó sì ní kí wọ́n fi ọkọ síwájú ogun. Ìtàn ọlọ́rọ̀ kan tí ó pa ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní ni ó sọ fún un. Ọba dájọ́ fún ọlọ́rọ̀ náà, kò mọ̀ pé ara òun ni òun ń dájọ́ fún. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìtàn yìí, ó sì yé mi ìdí rẹ̀: òwe lẹ́ṣin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa wo ẹni tí ó gun ẹṣin náà.

Nítorí pé ìtàn kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Lẹ́yìn tí Ábúsálómù ọmọ Dáfídì pa arákùnrin rẹ̀, tí ó sì sá lọ, Jóábù olórí ogun wá obìnrin ọlọ́gbọ́n kan láti Tékóà, ìlú kan náà tí Ámósì jáde láti inú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní kí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Obìnrin náà pa ìtàn fún ọba bí Nátánì ti ṣe, nípa opó kan tí ọmọ rẹ̀ kan pa èkejì. Ọkàn ọba rọ̀, Ábúsálómù padà wálé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó dìtẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò nínú igbó. Ọgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni Nátánì àti obìnrin yìí lò. Nátánì kò rí èrè kankan nínú tirẹ̀. Iṣẹ́ Jóábù ni a rán obìnrin náà. Síbẹ̀ ó yẹ kí a yìn ín fún ohun kan: nígbà tí ọba bi í bóyá ọwọ́ Jóábù wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò purọ́. Mélòó nínú wa tí ń gbẹnu sọ fún àwọn ẹlòmíràn ni ó lè dárúkọ ẹni tí ó rán wa níṣẹ́ bí a bá béèrè?

Obìnrin kejì kò sọ̀rọ̀ rárá. Rísípà ni orúkọ rẹ̀. Àlè Sọ́ọ̀lù ọba ni ó jẹ́. Lẹ́yìn ikú Sọ́ọ̀lù, ìyàn mú fún ọdún mẹ́ta ní ayé Dáfídì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Gíbéónì tí Sọ́ọ̀lù ta sílẹ̀ ni ó fà á. Dáfídì fa ọmọ méjì tí Rísípà bí fún Sọ́ọ̀lù lé àwọn ará Gíbéónì lọ́wọ́, àti ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù márùn-ún. Wọ́n so wọ́n kọ́ lórí òkè, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́ ni wọ́n pa àwọn ará Gíbéónì. Rísípà mú aṣọ ọ̀fọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta, ó jókòó ti òkú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè títí òjò fi rọ̀. Ní ilẹ̀ náà, ìkórè ọkà báálì a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, òjò kì í sì í sábà padà títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá. Kò jẹ́ kí ẹyẹ bà lé wọn lọ́sàn-án, kò jẹ́ kí ẹranko dé ọ̀dọ̀ wọn lóru.

Nínú gbogbo ìtàn náà, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ dé etí ọba. Ojú ti Dáfídì. Ó lọ kó egungun Sọ́ọ̀lù àti ti Jónátánì tí ó ti wà ní àjò láti ọjọ́ yìí wá, ó kó ti àwọn tí a so kọ́ mọ́ ọn, ó sì sin wọ́n sí ibojì bàbá Sọ́ọ̀lù. Ẹ ṣàkíyèsí ìgbà tí òǹkọ̀wé náà sọ pé Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nítorí ilẹ̀ náà: kì í ṣe nígbà tí wọ́n pa àwọn ọmọ náà, bí kò ṣe lẹ́yìn ìsìnkú. Ọba ti rò pé ikú ni yóò mú òjò wá. Ìyá kan ni ó kọ́ ọ pé ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni àánú.

Rísípà kò kú tán láyé. Ní ọdún 1977, ní Buenos Aires, olú-ìlú Ajẹntínà, àwọn ìyá tí ìjọba ológun ti gbé ọmọ wọn lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní gbàgede iwájú ilé ìjọba. Wọ́n wé gèlè funfun, wọ́n ń yí gbàgede náà po lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni ibi tí ọmọ wọn wà. Nílé níbí, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú wọn dìde ní ìparí àwọn ọdún 1940 lòdì sí owó orí àwọn obìnrin. Wọ́n jókòó síwájú ààfin, wọ́n sì fi orin sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún sáà kan. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò joyè wòlíì. Wọ́n kàn kọ̀ láti kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ wà.

*Ilé Ṣáfánì*

Ìtàn kẹta ni ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní nǹkan bí ọdún 622 ṣáájú ìbí Krístì, wọ́n rí ìwé òfin kan nínú tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe. Ṣáfánì akọ̀wé ni ó kà á fún Jòsáyà ọba. Ọba fa aṣọ rẹ̀ ya, ó sì rán ènìyàn márùn-ún lọ béèrè ohun tí Ọlọ́run wí. Nínú wọn ni olórí àlùfáà wà, Ṣáfánì wà níbẹ̀, ọmọ kan tí ń jẹ́ Áhíkámù ọmọ Ṣáfánì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n lọ? Ọ̀dọ̀ Húlídà, aya ẹni tí ń tọ́jú aṣọ. A kò kà á pé ẹnikẹ́ni béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ obìnrin. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn bí ó ti rí: ibi ń bọ̀ wá sórí ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dé lójú Jòsáyà nítorí pé ọkàn rẹ̀ rọ̀.

Jòsáyà kú, ọmọ rẹ̀ Jèhóyákímù sì di ọba. Jeremáyà dúró nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì, ó ní ilé náà yóò parun bí wọn kò bá yí padà. Àwọn àlùfáà àti àwọn wòlíì ní kí a pa á. Ohun méjì ni ó gbà á là. Èkíní, àwọn àgbà kan dìde, wọ́n rán àwọn ènìyàn létí pé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, Míkà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Hesekáyà ọba kò sì pa á. Èkejì, ọkùnrin kan fi ara rẹ̀ ṣe ààbò fún un: Áhíkámù ọmọ Ṣáfánì, ẹni tí ó ti dúró níwájú Húlídà. Ìrántí yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé wòlíì mìíràn tí ń jẹ́ Ùráyà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní àsìkò yẹn, ó sá lọ sí Íjíbítì, wọ́n lọ mú un wá, ọba sì fi idà pa á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Èkíní ní ènìyàn lẹ́yìn, èkejì kò ní.

Lẹ́yìn èyí, Bárúkù kọ ọ̀rọ̀ Jeremáyà sínú ìwé kíká. Yàrá Gemaráyà, ọmọ Ṣáfánì mìíràn, ni ó ti kà á sí etí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ìwé náà dé ọwọ́ Jèhóyákímù, ó fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e wẹ́wẹ́, ó ń jù ú sínú iná. Bàbá fa aṣọ ya nítorí ìwé. Ọmọ fa ìwé ya. Gemaráyà bẹ ọba pé kí ó má ṣe sun ún, ọba kò gbọ́. Bárúkù jókòó, ó tún un kọ, ó sì fi kún un. Nígbà tí ìlú wó tán, tí wọ́n tú Jeremáyà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Gedaláyà ọmọ Áhíkámù ni ó lọ gbé.

Ìran mẹ́ta nìyẹn nínú ilé kan ṣoṣo. Kò sí wòlíì kan nínú wọn. Akọ̀wé ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, àwọn tí ìwé ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n ka ìwé bí ó ti wà, wọ́n yá ènìyàn ní yàrá, wọ́n dúró ti ẹni tí ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ fún ọba pé kí ó má dáná sun ún. Mo ti wá gbà pé orílẹ̀-èdè kan lè má ní ju wòlíì kan lọ nínú ìran kan, kí ó sì yè é. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ilé Ṣáfánì, wòlíì yòówù kí ó ní, inú kànga gbígbẹ ni yóò sọ ọ́ sí.

*Ọ̀wọ̀ ńkọ́?*

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àṣà àwọn Hébérù ni èyí; ní tiwa, ọmọdé kì í bá àgbà wí. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ̀ ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni ó fún Ọ̀yọ́ Mèsì ní agbára láti kọ Aláàfin tí ó bá ṣi agbára lò, òun náà ni ó sì ya ọjọ́ Òkè'badàn sọ́tọ̀ tí ará ìlú lè fi orin sọ ohun tí wọn kò lè sọ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀wọ̀ ń sọ bí a ó ti sọ̀rọ̀ fún wa. Kò sọ pé kí a má sọ ọ́. Nátánì kò bú Dáfídì. Húlídà kò lọ sí ààfin lọ pariwo. Lọ́jọ́ ìpàdé wa yẹn, mo lè dìde kí n ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ pe ìyá náà kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ìwé wa lè dúró.” Kò sí àgbà tí yóò pe èyí ní àfojúdi. Ìbẹ̀rù ni ó pa mí lẹ́nu mọ́, mo sì pè é ní ọ̀wọ̀.

Ìṣòro kejì le ju èyí lọ. Èké náà máa ń gbójú sọ̀rọ̀. Nígbà tí Jeremáyà gbé àjàgà sí ọrùn gẹ́gẹ́ bí àmì pé ìlú yóò sin Bábílónì, Hananáyà ṣẹ́ àjàgà náà níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní kí ọdún méjì tó pé gbogbo ohun tí wọ́n kó lọ yóò padà wálé. Jeremáyà ní kí ó rí bẹ́ẹ̀, ó ní wòlíì tí ó bá sọ àlàáfíà, ìgbà tí ó bá ṣẹ ni a ó mọ̀ ọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò rí èsì tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Báwo ni àwọn tí ó dúró níbẹ̀ ṣe fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́? Ìyà kò lè jẹ́ ẹ̀rí, nítorí pé olóríkunkun náà a máa jìyà. Ìgboyà kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀nà kan tí mo rí ni pé kí a wò bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣeé lọ yẹ̀ wò. Ohun tí Ámósì sọ nípa òṣùwọ̀n, ẹnikẹ́ni lè dé ọjà kí ó wọ̀n ọ́n wò. Ohun tí Èlíjà sọ nípa Nábótì, ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a gba òun gbọ́ nítorí àlá òun, tí ó sì kọ̀ kí a wo ìwé ìṣirò owó, Hananáyà ni mo máa ń rí lára rẹ̀.

Mo padà lọ bá ìyá náà lẹ́yìn ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Gbọ̀ngàn ti dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó dá ohùn mi mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Mo mọ̀ pé o mọ̀. Èbù yẹn wúwo, ìwọ ni o sì bá mi rù ú.” Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní, “Ìwé ni o fi gbà á. Ìwé ni kí o fi dá a padà.”

Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìjọ náà, mo sọ ọ́ ní kedere pé irọ́ ni ohun tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn, mo sì fọwọ́ sí i. Inú bí àwọn kan. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó wà níbẹ̀ lákòókò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, ka lẹ́tà náà sókè ní ìpàdé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Wọn kò wó gbọ̀ngàn. Wọ́n fún ọmọbìnrin ìyá náà ní ilẹ̀ mìíràn ní ẹ̀yìn ìlú, kò sì tóbi tó ti tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé ó tó. Ìyá náà wà láyé nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà fún ọmọ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún èyí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó ṣeé ṣe kí Ọlọ́run má rán èmi tàbí ẹ̀yin sí ọba kankan. Ṣùgbọ́n a ó gbé ìwé wá síwájú wa lọ́jọ́ kan, nínú ọ́fíìsì, nínú ẹgbẹ́, nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò sì na kálàmù sí wa pé àwọn yòókù ti fọwọ́ sí i. Kí a tó gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí ó ni ilẹ̀ wà ní ìjókòó.